Ẹnì Kejì Létí Omi Ẹlẹ́yẹlé

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Karùn-ún, 2024. Agbowó

Ọ̀gá fọwọ́ sí àbá ìwádìí mi! Ìgbà kẹrin tí mo gbé e lọ fún Dókítà Ikúbọlájẹ́ nìyí. Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, bírò pupa ni wọ́n fi dá a padà fún mi. Lónìí wọ́n kàn wò mí lókè awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ṣùkúrát Àkànó, ìwọ ọmọ yìí, o lágídí. Ó dáa, lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ẹnu ara rẹ ba iṣẹ́ yìí jẹ́, o ò ní bá ẹgbẹ́ rẹ jáde lọ́dún yìí." Mo ní ẹ ṣeun sà. Àfi bíi pé mo fò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni.

Wàhálà wá kù. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ni màá lò. Òbí kọ̀ọ̀kan yóò sọ ohun mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wọn lóòótọ́ ní kékeré, èmi yóò wá fi ìkẹrin kún un, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Màá bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí n wo iye ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í "rántí" irọ́ mi. Ìtàn kan náà ni fún gbogbo wọn. Ńṣe ni màá kà á sí wọn létí, n ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n ò sì gbọdọ̀ yọ ọ̀kan.

Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi kọ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu, èmi tí mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ lẹ́tà. Mo dà á kọ síbí kí n má baà sọ ọ́ nù:

"Nígbà tí o wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin, lásìkò ọ̀yẹ́, o ṣìnà lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé. O dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹja, tó wé gèlè yẹ́lò, rí ọ, ó sì fà ọ́ lọ́wọ́ wálé."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ tó mọ níwọ̀n.

Àbámẹ́ta, 11 oṣù Karùn-ún. Challenge

Owó ọkọ̀ láti Agbowó dé ọ̀dọ̀ màámi ní Challenge ti fi igba náírà lé sí i. Òjò ọ̀sán náà tún lé mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Mo fi màámi dán ìwé ìbéèrè àwọn òbí wò. Inú fáìlì àtijọ́ kan ní ẹ̀ka wa ni mo ti rí ìwé náà, mo kàn túmọ̀ rẹ̀ ni. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Ọmọ mélòó ni ẹ bí?" Màámi ò gbé ojú kúrò lára aṣọ. Wọ́n ní, "A kì í ka ọmọ fún olọ́mọ." Mo ní, "Màámi, ṣebí gbogbo Challenge ló mọ̀ wá. Èmi, Mánsúrù, Mùstàfá." Mo fọwọ́ ara mi kọ 3 sínú àpótí ìdáhùn. Wọ́n yọjú wo 3 náà, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀rọ wọn.

Àwọn obìnrin méjì gbé aṣọ Iléyá wá. Màámi dá wọn padà bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Aránṣọ tí kì í gba aṣọ Iléyá! Bí ẹ bá wá Ìbàdàn já, ẹ ò ní rí ìkejì. Àwọn aládùúgbò ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú wọn. Màámi á ní àárẹ̀ ni.

Kí n tó lọ, wọ́n bi mí nípa irọ́ tí mo ń pa fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní, "Ọmọ kan tó ṣìnà lọ sí Ẹlẹ́yẹlé ni."

"Odò ibòmíràn ò sí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rín in.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Karùn-ún

Nínú òbí mẹ́sàn-án tí mo pè lórí fóònù, méje ló ní àwọn kì í ka ọmọ. Ìyá kan tilẹ̀ bi mí bóyá gbọ́mọgbọ́mọ ni mí. Mo sọ fún Ọ̀gá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìwọ ọmọ ará Ṣakí, o tún nílò kí ẹnìkan sọ ìyẹn fún ọ? Fa igi lé e lórí." Mo fa igi lé e lórí gbogbo wọn. Ti màámi nìkan ló kù bó ṣe wà nínú fáìlì.

Gbogbo òbí tó dáhùn ló jẹ́rìí sí i pé ọmọ wọn ò ṣìnà lọ sétí omi kankan rí. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Karùn-ún

Ìpele kìíní pẹ̀lú ẹni mẹ́fà. Àwọn òbí mẹ́fà tó kù ò tíì parí ìdáhùn wọn.

Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdánwò ni wọ́n fún mi. Tábìlì kan, àga méjì, àti ọpọlọ oníke tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní. Ègé kan ti sọnù lára rẹ̀, nísàlẹ̀ lápá òsì, ibi tí ìrántí tuntun ń gbà wọlé. Ihò náà kọjú sí àga mi. Mo yí i padà. Nígbà tí mo lọ mu omi tí mo dé, ó tún kọjú sí mi. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan ló fi ọwọ́ kàn án.

Kò sẹ́ni tó rántí Ẹlẹ́yẹlé. Abdulmojeed, ọmọ kúkúrú tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní, "Àǹtí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wò mí dàgbà o. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Mọ́kọ́lá." Mo ní kó lọ ronú sí i. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Karùn-ún

Ìpele kejì. Tolúlọpẹ́ rántí!

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ọdún kejì ló wà nínú ẹ̀kọ́ èdè. Ó pa ojú dé. Ó ní, "Mo rí gèlè yẹn. Omi náà ò pariwo rárá. Ọ̀yẹ́ bo gbogbo ẹ̀." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ mi! Mo ń kọ ọ́, mo ń kọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún wá ní, "Ṣùgbọ́n àwa méjì la lọ, Àǹtí Ṣùkúrá. Ẹnìkan ṣoṣo ni obìnrin yẹn fà lọ́wọ́ wálé."

Ó la ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ń sunkún sí.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ara mi tutù láti ọ̀sán títí di ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ oòrùn mú.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Karùn-ún

Abdulmojeed, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò mọ Ẹlẹ́yẹlé: "Ọmọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ga jù mí lọ díẹ̀. Òun ló mọ ọ̀nà."

Òun àti Tolúlọpẹ́ ò mọra. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Jímọ̀, 31 oṣù Karùn-ún

Olúwapamílẹ́rìn náà sọ ọ́. Ẹni mẹ́ta nínú mẹ́fà. Kò sí ọmọ kejì nínú ìtàn tí mo kọ. Mo ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹfà

Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ti rọlẹ̀, iná ti padà, mo rí Ọ̀gá.

Mo rò pé wọ́n á yìn mí. Wọ́n ka ìdáhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ta ló sọ ọmọ kejì fún wọn?"

"Kò sẹ́ni, sà."

"Ẹnìkan ló sọ ọ́. Ènìyàn mẹ́ta tí kò mọra kì í ṣàdédé rántí irọ́ kan náà. Yálà wọ́n ti pàdé, tàbí ìwọ lo sọ ọ́."

"Sà, mo fi Kùránì búra."

"Má fi Kùránì búra fún mi, mi kì í ṣe adájọ́. O gba ohùn sílẹ̀, àbí o ò gbà á? Lọ gbọ́ ohùn ara rẹ. Bí o ò bá rí ibi tó ti jò kí oṣù yìí tó parí, kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí o tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Inú bí mi. Mo ti ń rò ó pé Ọ̀gá ń jowú iṣẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹfà

Mo ti gbọ́ ọ.

Òjò ń rọ̀ sórí páànù, Fèyísọ́lá tí a jọ ń gbé yàrá ti lọ sí Bódìjà ra ẹ̀wà. Mo ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí. Tolúlọpẹ́, ìṣẹ́jú kọkànlá. Ó sọ ti omi tí kò pariwo, ó dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ohùn mi wọlé, kékeré, bíi ti ẹni tí oorun ń kùn:

"Ẹnì kejì ńkọ́?"

Mo fa nǹkan náà yọ kúrò létí. Mi ò sọ ọ́. Mi ò rántí pé mo sọ ọ́. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ohùn mi ni. Mo gbọ́ ti Abdulmojeed: "Ẹnì kejì ńkọ́?" Ti Olúwapamílẹ́rìn náà. Ó tún wà nínú ti ẹnì kẹrin, ṣùgbọ́n ìyẹn dá mi lóhùn pé, "Ẹnì kejì wo?", mo sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn bíi pé n ò sọ nǹkan kan.

Fèyísọ́lá dé, ó ní kí ló ṣe mí tí ojú mi fi rí báyìí. Mo ní ebi ni.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7 oṣù Kẹfà

Mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá lórí fóònù. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n wá ní kí n má dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́fà tó kù rárá. Kí ẹlòmíràn ka ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn, ẹni tí kò mọ èyí tó jẹ́ irọ́, tí kò sì mọ ohun tí àwọn tèmi sọ. Bí ọmọ kejì bá tún yọ, a jẹ́ pé inú ìtàn ló wà. Bí kò bá yọ, inú olùwádìí ló wà.

Fèyísọ́lá gbà láti ṣe é. Ó ní màá fọ aṣọ òun fún oṣù kan. Mo gbà.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14 oṣù Kẹfà

Fèyísọ́lá ti parí ìpele méjì pẹ̀lú gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹnìkan rántí gèlè. Ẹnìkan rántí òórùn ẹja, ó tilẹ̀ ní ẹja náà ti ń rùn.

Ọmọ kejì: kò sí. Kódà, kò sí ẹyọ kan.

Ó ní, "Ṣùkúrá, abeg, ọmọ kejì wo lò ń bi mí léèrè?" Mo ní kó gbàgbé ẹ̀.

Èmi ni.

Àìkú, 16 oṣù Kẹfà. Iléyá. Challenge

A kírun, Mánsúrù dú àgbò, ó sì ń ṣe bíi pé òun nìkan ló mọ ọ̀bẹ lò. Mùstàfá ń gba ẹran ká àdúgbò.

Màámi wọ yàrá lọ kété tí a ti ilé ìrun dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọn kì í jáde títí a ó fi kírun Alásàrì. Bàbá wa, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, a máa sọ pé, "Ẹ fi ìyá yín sílẹ̀, ó ń sinmi." Mo gbà á bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ọmọ tó ń kọ́ nípa ọkàn ènìyàn, kò bi ìyá tirẹ̀ rí pé kí ló ń rẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ ọdún nígbà tí kì í rán aṣọ ọdún.

Mo jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn wọn. Mo gbọ́ tí agolo kan ṣí. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, mo gbọ́ tó tún pa dé. Ẹ̀rù bà mí, mi ò kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹfà

Ìpele kẹta fún àwọn tèmi. Ọ̀gá fúnra wọn wá jókòó sí igun yàrá, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ẹnu mi. Mo fún ètè mi pọ̀ bí ẹni tó ń gba ààwẹ̀. Mo ka ìwé, mo dákẹ́, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Tolúlọpẹ́ ní, "Bàtà kan wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe tèmi. Bàtà ọmọdé, búlúù, ẹyọ kan."

Ọ̀gá wò mí. Mo mi orí. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kankan, Ọlọ́run ń gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n sì dúró lẹ́yìn Tolúlọpẹ́, ní ibi tí òun náà ti ń wo tábìlì. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa ìwé tí mo ń kọ yọ lábẹ́ bírò mi. Wọ́n ní kí Tolúlọpẹ́ máa lọ, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, bàtà kékeré kan wà. Mo ti fi bírò búlúù yà á. Bàtà ẹsẹ̀ kan, pẹ̀lú okùn rẹ̀ tí kò dè. Wọ́n ṣí ewé tó ṣáájú. Bàtà. Ti Abdulmojeed. Bàtà. Gbogbo ewé, láti ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún.

"Ẹnu rẹ pa mọ́," Ọ̀gá ní, "ọwọ́ rẹ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo ní mi ò mọ̀, sà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mi ò mọ̀. Wọ́n gbé ọpọlọ oníke yẹn sórí tábìlì, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ọdún kìíní, wọ́n ti ìka bọ inú ihò rẹ̀. "Apá ibí ló ń tọ́jú ìtàn. Ní ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rin, kò tíì gbó, ohun tó bá gbà kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ní àyè tirẹ̀, ìyẹn tètè ń gbó. Ènìyàn lè sọ ìtàn nù kí ìbẹ̀rù rẹ̀ kù." Wọ́n gbé e sílẹ̀. "Ṣùkúrát, níbo lo ti rí ìtàn Ẹlẹ́yẹlé yìí?"

"Mo dá a rò ni, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kó àpò mi, mo jáde.

Mo délé, mo ṣí ìwé yìí. Lábẹ́ ìtàn tí mo dà kọ ní ọjọ́ kẹfà, bàtà kan wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ màámi nípa odò ibòmíràn, bàtà kan. Mo ń kọ èyí, mo sì ń ṣọ́ ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹfà

Wọ́n ń béèrè ìwé ìbí fún ètò àṣejáde. Mánsúrù bá mi mú un wá láti inú àpò ìwé bàbá wa. Èmi ò kà á rí, ta ní ń ka ìwé ìbí ara rẹ̀?

Orúkọ mi. Bàbá: Àkànó, awakọ̀. Ìyá: aránṣọ. Ibùgbé: lẹ́bàá omi, Ẹlẹ́yẹlé.

Àwọn òbí mi sọ fún mi pé Challenge la wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti Ṣakí dé. Inú ń bí mi sí wọn, àti òkú àti alààyè.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kẹfà

Mo lọ.

Mo wọ ọkọ̀ dé Mọ́kọ́lá, mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Ẹlẹ́yẹlé. Nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń tún ìbéèrè mi ṣe, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa: má fi ìdáhùn sẹ́nu ẹni tí ò ń bi. Mi ò ní sọ ọmọ, mi ò ní sọ bàtà, mi ò ní sọ omi.

Ìyá arúgbó kan ń yan ẹja lábẹ́ àtíbàbà, ìborùn dúdú ló wé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Àkànó, tó gbé àdúgbò yìí rí? Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ."

Wọn ò tilẹ̀ rò ó. "Àkànó ọkọ Ìyá Sùlè? Áà! Báwo ni Ìyá Sùlè ṣe wà?"

Èmi ni àkọ́bí màámi. Láti Challenge dé Ṣakí, Ìyá Ṣùkúrá ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Mo ní, "Sùlè wo, mà?"

Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹja. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tún wo ọwọ́ mi. Èéfín ń gba àárín wa kọjá. Wọ́n ní, "Ìwọ ni kékeré yẹn?"

Mo dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

"Lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi láti sọ." Wọ́n yí ẹja kan padà, wọ́n tún yí i. "Nígbà tí mo fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sílé, o ò tilẹ̀ sunkún."

Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n ní gèlè yẹ́lò rí. Mi ò yíjú sí omi náà, ẹ̀yìn ni mo fi rìn títí mo fi dé ojú títì.

Ọjọ́ Jímọ̀, 28 oṣù Kẹfà

Mi ò tíì lè lọ sí Challenge. Bó bá wá jẹ́ pé èmi ni mo—

Àìkú, 30 oṣù Kẹfà. Challenge

Mo ti kọ ìbéèrè mi sínú ìwé: "Màámi, ẹ sọ ohun gbogbo tí ẹ bá rántí nípa ilé tí a gbé kí a tó dé Challenge." Ìbéèrè tó dára. Ọ̀gá ì bá yìn ín.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ káàsán o, Ìyá Sùlè."

Ẹ̀rọ dúró. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ti ilẹ̀kùn."

Mo jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà. Wọ́n sọ ọ́ fún ògiri, wọn ò sọ ọ́ sójú mi.

"Aṣọ Iléyá àwọn ènìyàn ló kún ọwọ́ mi. Ẹ ń fa òwú, ẹ ń pariwo. Mo ní kí ẹ jáde lọ ṣeré níta. Èmi ni mo ní kí ẹ jáde, Ṣùkúrá, gbọ́ ọ dáadáa, èmi ni. Sùlàímọ́nù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ìwọ ò tíì pé mẹ́rin. Mo gbé orí sókè, ìyá ẹlẹ́ja ló ń fà ọ́ bọ̀. Mo ní, ẹnì kejì ńkọ́? Bàtà rẹ̀ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ. O ní, 'Sùlè ní kí n bá òun di èyí mú, òun fẹ́ lọ mú èkejì nínú omi.'"

Ẹnì kejì ńkọ́. Ohùn wọn ni mo ń gbọ́ nínú fóònù mi láti ọjọ́ yìí.

"Wọ́n rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. O ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba bàtà yẹn lọ́wọ́ rẹ. O gbé e sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ò ń sọ pé Sùlè ní kí o dì í mú. Ní ọjọ́ kẹrin o jí, o wo bàtà náà, o ní, 'Màámi, bàtà ta nìyí?'" Ìgbà yìí ni wọ́n tó yíjú sí mi. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o gbàgbé. Bàbá rẹ ní kí a kó kúrò níbẹ̀. A ní a ò ní sọ ọ́ lójú rẹ láéláé. Ẹlẹ́rù la fẹ́ bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀."

Mo bi wọ́n. Mo ní láti bi wọ́n. "Màámi, ṣé èmi ni mo—"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta!" Wọ́n pariwo débi pé ẹni tó ń kọjá lọ níta dúró. "Wọ́n ní kí o di bàtà mú, o sì dì í mú. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta tún lè ṣe jùyẹn lọ?"

A sunkún. Mi ò lè kọ bí a ṣe sunkún tó.

Wọ́n mú agolo bọ́tìnnì wálẹ̀ lórí pẹpẹ, agolo tí mo ti ń wò láti kékeré. Lábẹ́ bọ́tìnnì ni bàtà náà wà, nínú àkísà. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, mi ò lè sọ bóyá búlúù ni tẹ́lẹ̀. Okùn rẹ̀ ò dè.

Kí n tó lọ, wọ́n ní ṣé ìwé tí mo kọ mẹ́ta sí ṣì wà. Ó wà nínú fáìlì mi. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ, wọ́n fa igi lórí 3 tí mo kọ, wọ́n sì kọ 4 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ̀fun orí rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.

Ọjọ́ Jímọ̀, 5 oṣù Keje

Ọ̀gá ní iṣẹ́ náà ò bàjẹ́. Ohun tó wà nínú olùwádìí, bó ṣe ń gba ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ìrántí ẹlòmíràn, ìyẹn ni màá kọ lé lórí báyìí: mẹ́fà tèmi, mẹ́fà ti Fèyísọ́lá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kàn gbé ọpọlọ oníke yẹn kúrò lórí tábìlì, wọ́n tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Màá bá ẹgbẹ́ mi jáde.

Ó ku ohun kan tí òfin sọ pé a gbọ́dọ̀ ṣe. A ní láti pe àwọn olùkópa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a ka òótọ́ sí wọn létí: "Ìtàn etí omi Ẹlẹ́yẹlé kò ṣẹlẹ̀. Olùwádìí ló dá a rò."

Mo kà á sí Abdulmojeed létí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, Àǹtí! Mo ti sọ ọ́ fún ìyá mi o, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà." Olúwapamílẹ́rìn ní òun ti fura tẹ́lẹ̀. Irọ́ ló ń pa.

Tolúlọpẹ́ ló kẹ́yìn. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wá kẹ́yìn, òun máa ń la ojú ní ìdájí, òun á máa wá bàtà kan kiri. Mo gbé ìwé sókè. Mo ka "Ìtàn etí omi Ẹlẹ́yẹlé," mo dúró. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún dúró. Mo fi ìwé náà sílẹ̀.

Mo ní, "Kò ṣẹlẹ̀ sí ọ, Tolú. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, kò ṣẹlẹ̀ sí ọ. Kì í ṣe tìrẹ. Gbé e sílẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà.

"Àǹtí Ṣùkúrá, ẹnì kejì ńkọ́?"

Mo wo ọwọ́ mi. Kò ya nǹkan kan.

"Sùlàímọ́nù lorúkọ rẹ̀," mo ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ni."